Bí ẹ ṣe lè ṣètò ìsinmi oko ní Ítálì: ibùwọ̀, oúnjẹ àti ọ̀nà

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn: "A fẹ́ lọ sinmi ní Ítálì, a ò fẹ́ èrò Róòmù, oko la fẹ́, oúnjẹ gidi la sì fẹ́ jẹ. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?" Ìdáhùn rẹ̀ rèé, ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tó ń ba irú ìsinmi yìí jẹ́ jù ni kíkó ẹrù kiri. Ẹni tó bá sun ibi mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ojú ọ̀nà ló ti lo ìsinmi rẹ̀ tán. Ẹ mú ibùwọ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá, ẹ mú méjì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Kí ló ń jẹ́ agriturismo?

Agriturismo ni orúkọ tí òfin Ítálì fún oko tí àgbẹ̀ ti ń gba àlejò sùn, tó sì lè máa se oúnjẹ fún wọn. Òfin nọ́ńbà 96 ti ọdún 2006 ló ń darí rẹ̀: iṣẹ́ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́ níbẹ̀, àlejò gbígbà ló máa tẹ̀lé e, inú oko náà àti agbègbè rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá. Ní Puglia, ní gúúsù Ítálì, ẹ ó máa rí ọ̀rọ̀ náà masseria. Ní orí òkè Alto Adige, ní àríwá, maso ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ nìkan tàn yín o. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi ló ń jẹ́ masseria tí kò sí ewúrẹ́ kan níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá oko gidi mọ̀:

- Wọ́n dárúkọ ohun tí wọ́n ń gbìn tàbí tí wọ́n ń sìn: ólífì, àjàrà, àlìkámà, àgùntàn, oyin. Bí ojú ewé wọn bá jẹ́ kìkì adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ bi wọ́n léèrè.
- Àmì ìjọba, tó jẹ́ àwòrán òdòdó oòrùn, wà lára ilé, láti ẹyọ kan dé márùn-ún. Ìrọ̀rùn àti ohun tí wọ́n ń pèsè ni iye òdòdó náà ń wọ̀n. Kò sọ bóyá ọwọ́ ìyá tó ń dáná dùn.
- Nọ́ńbà CIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún ilé àlejò) wà nínú ìpolówó wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni òfin ti ní kí gbogbo ilé àlejò ní in. Ilé tí kò bá ní CIN, ẹ má sanwó fún un.
- Oúnjẹ alẹ́ wọn kò pọ̀ níye, ó sì ń yí padà. Ibi tó bá ní ọgbọ̀n irú oúnjẹ kan náà látọdún dọ́dún, ọjà ló ti ń rà á bí ilé oúnjẹ yòókù.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú àsìkò kí ẹ tó mú ibi

Ohun tó bá wà lóko ni wọ́n máa sè.

Oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà. Asparagus, ẹ̀wà tútù tí wọ́n ń pè ní fave, wàràkàṣì àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Alẹ́ Oṣù Kẹrin ṣì tutù gan-an. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé súwẹ́tà tó nípọn.

Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ. Tòmátì pọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ooru lè kọjá 35°C, owó yàrá ga jù lọ, ọ̀pọ̀ oko kì í sì gba ẹni tí kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko, láti Àbámẹ́ta sí Àbámẹ́ta. Ọjọ́ 15 Oṣù Kẹjọ ni Ferragosto: àwọn ará Ítálì fúnra wọn wà lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń tì.

Oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà ìkórè àjàrà. Fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí oṣù tó dà bí i rẹ̀: ooru ti rọ̀, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ṣì wà ní ṣíṣí, èrò sì ti dínkù.

Ìparí Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá. Ìkórè ólífì. Òróró tuntun máa ń ta ní ọ̀fun díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ata á gbádùn rẹ̀. Ní Alba, lágbègbè Piemonte, àsìkò tartufo funfun ni, irú olú kan tí ajá ń gbóòórùn wá jáde láti inú ilẹ̀. Òjò wà, ọjọ́ sì kúrú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba tí ẹ ní ọmọ nílé ìwé, ìsinmi ráńpẹ́ òpin Oṣù Karùn-ún àti ti òpin Oṣù Kẹwàá bọ́ sí àsìkò tó dára gan-an. Ẹ má ṣe ro pé Oṣù Kẹjọ nìkan ló kù fún yín.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú agbègbè kan ṣoṣo

- Gúúsù Toscana (Val d'Orcia): ibi tí àwòrán òkè àti igi gíga tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti wá. Pienza, Montalcino àti Montepulciano sún mọ́ra. Owó rẹ̀ ga.
- Umbria: ó jọ Toscana, owó rẹ̀ sábà ń kéré sí i, èrò sì kéré. Ẹ̀wà, lẹ́ńtílì àti òróró ólífì rẹ̀ dára.
- Emilia-Romagna: fún ẹni tí oúnjẹ jẹ lógún ju ìran wíwò lọ. Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano, prosciutto Parma (ẹran itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀) àti aceto balsamico (ọtí kíkan dúdú) ti Modena wà lójú kan.
- Puglia: ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, òkun kò jìnnà, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ lórí tábìlì. Ẹni tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ á rí nǹkan jẹ níbí ju ní Emilia-Romagna lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn wo máàpù, kó rí 30 km, kó sì rò pé ogún ìṣẹ́jú ni. Lórí òkè Toscana àti Umbria, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 45 tàbí 50, nítorí kọ́nà.

## Ìgbésẹ̀ 3: Físà àti ìwé

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìsinmi ráńpẹ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju 90 ọjọ́ láàárín 180 lọ.

1. Wọn kì í gba ìwé ṣáájú oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìnàjò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ku ọjọ́ 15 kí ẹ tó fi sílẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà yẹn o. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè kún, àyẹ̀wò ìwé sì lè gùn dé ọjọ́ 45.
2. Ẹ ra inṣọ́ránsì ìrìnàjò tó bo ìtọ́jú àìsàn dé €30,000 ó kéré tán.
3. Ẹ ní kí oko kọ ìwé pé wọ́n ti gbà yín: orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìwọlé àti ìjáde, àdírẹ́sì, nọ́ńbà CIN.
4. Títí físà á fi jáde, yàrá tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà nìkan ni kí ẹ gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pàdánù owó ńlá nítorí pé wọ́n fẹ́ jẹ ẹ̀dínwó díẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ̀wé sí oko náà kí ẹ tó sanwó

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Oko kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì: kò sí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di òru, àgbẹ̀ náà lè wà lórí katakata nígbà tí ẹ bá dé. Ohun tí ẹ kò bá béèrè, wọn kò ní rántí sọ.

Ẹ lè fi èyí ránṣẹ́ ní ímeèlì tàbí WhatsApp, kí ẹ yí iye ènìyàn àti ọjọ́ padà:

*Buongiorno, siamo 2 adulti e 2 bambini di 6 e 9 anni. Vorremmo soggiornare da voi dal 5 al 12 settembre. La cena è disponibile tutte le sere? Non mangiamo maiale né strutto e non usiamo alcol. È possibile? Grazie.*

Ohun tó sọ ni pé àgbà méjì àti ọmọ méjì ni yín, ẹ fẹ́ wọlé ní ọjọ́ 5 kí ẹ sì jáde ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ alẹ́ wà lójoojúmọ́, ẹ kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀, ẹ kì í sì lo ọtí. Bí àwọn gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kò bá kàn yín, ẹ yọ wọ́n.

Lẹ́yìn èsì àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìwọ̀nyí:

- Ṣé gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń se oúnjẹ ni, àbí òpin ọ̀sẹ̀ nìkan? Agogo mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ẹ máa jẹun? Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ mọ̀ láti àárọ̀.
- Ṣé mezza pensione wà, ìyẹn yàrá pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti talẹ́? Ó sábà ń dín owó kù.
- Ìwọ̀n ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà wo ni ẹ máa gbà dé ibẹ̀? Strada bianca ni wọ́n ń pè é. Kìlómítà kan kò burú. Márùn-ún nínú òjò alẹ́ yàtọ̀.
- Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé? Ẹ̀fọn wà ní Ítálì, ilé òkúta àtijọ́ púpọ̀ kò sì ní amúlétutù.
- Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ń tì í?
- Kí ni kò sí nínú owó náà? Owó ìmọ́tótó, aṣọ ìnura, riscaldamento (owó mímú ilé gbóná nígbà òtútù) àti owó orí àlejò tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Owó orí yìí kéré, àmọ́ wọ́n sábà ń fẹ́ ẹ lówó tútù.

Ní ti àsansílẹ̀, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Bí ó bá jẹ́ *caparra confirmatoria*, tí ẹ̀yin bá yẹ àdéhùn, owó náà ti lọ nìyẹn. Bí àwọn ló bá yẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí. *Acconto* jẹ́ apá kan owó tí ẹ sọ sílẹ̀, kò ní irú ìjìyà yẹn nínú. Ẹni tó bá ní kí ẹ san gbogbo owó sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti oko mu, ẹ sá fún un.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ọkọ̀

Láìsí ọkọ̀, oko púpọ̀ kò ṣeé dé.

1. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú ti òkèèrè tí wọ́n ń pè ní IDP dání, pẹ̀lú ojúlówó ti ilé. Káàdì ìwakọ̀ ti Ìlú Ọba tó fún wọn.
2. Káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ lára ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè, torí owó ìdógò tí wọ́n máa dì mú. Káàdì ATM lásán ti mú kí wọ́n dá ènìyàn padà láti pápákọ̀ òfurufú. Ẹ ka ìlànà wọn kí ẹ tó gbéra.
3. Ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí gíà ló pọ̀ jù. Bí ọ̀tọmátíìkì lẹ mọ̀ ọ́n wà, ẹ tètè gbà á sílẹ̀.
4. Kí ọkọ̀ kéré. Òpópónà ìlú àtijọ́ tóóró.
5. Ní ọ̀nà ńlá autostrada, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ìwọlé, ẹ san owó ní ìjáde. Ojú ọ̀nà tó jẹ́ àmì Telepass nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má gbà á: ti àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń sanwó fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Ìwọ̀n eré jẹ́ 130 km láàárín wákàtí kan níbẹ̀, 90 ní ọ̀nà ìgbèríko, 50 láàárín ìlú.

Ohun mẹ́ta ló ń gbowó lọ́wọ́ àlejò. Àkọ́kọ́ ni ZTL, àárín ìlú àtijọ́ tí ọkọ̀ àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀: kámẹ́rà ló ń mú ènìyàn, ìwé ìtanràn sì lè dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pẹ̀lú owó tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi kún un. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ìta odi ìlú, kí ẹ fi ẹsẹ̀ wọlé. Èkejì ni ìlà ìgbọ́kọ̀sí: búlúù ẹ máa sanwó, funfun ọ̀fẹ́ ni, yẹ́lò kì í ṣe tiyín. Ẹ̀kẹta ni epo: *benzina* ni pẹtiróòlù, *gasolio* ni dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Amẹ́ríkà bọ̀, tí ẹ ti ń pe pẹtiróòlù ní gas, ẹ kíyè sí èyí dáadáa, torí èyí tí ẹ bá ṣì rọ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ilé epo ìgbèríko tún máa ń ti lọ́sàn-án àti ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ tó ń gba káàdì nìkan ni yóò kù. Ẹ má jẹ́ kí táǹkì gbẹ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wakọ̀: ẹ wá oko tó sún mọ́ ìlú tó ní ibùdókọ̀ ojú irin, bí Orvieto ní Umbria tàbí Chiusi-Chianciano Terme fún gúúsù Toscana, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè wá gbé yín. Bọ́ọ̀sì ìgbèríko kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn lọ́jọ́ Àìkú. Tíkẹ́ẹ̀tì bébà ti ọkọ̀ ojú irin agbègbè, ẹ fi sẹ́nu ẹ̀rọ kó lù ú ní òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ní ìdí tábìlì

Oúnjẹ ọ̀sán máa ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo 12:30, ilé oúnjẹ púpọ̀ sì ti tì ní 14:30. Oúnjẹ alẹ́ kì í sábà yá ju 19:30 lọ. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ́ agogo mẹ́fà lára, ẹ ra èso àti búrẹ́dì sílé.

Lóko, wọn kì í sábà fún ènìyàn ní ìwé àṣàyàn. Wọ́n máa gbé antipasto (ìpanu ìbẹ̀rẹ̀) wá, lẹ́yìn náà *primo* (pásítà tàbí ọbẹ̀ ẹ̀wà), *secondo* (ẹran), *contorno* (ẹ̀fọ́), kí ohun dídùn tó kẹ́yìn. Ẹ má yó síbi àkọ́kọ́! Búrẹ́dì Toscana kò ní iyọ̀, kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé. Òróró àti ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ata. Oúnjẹ Toscana àti Umbria kì í sábà ta. Ẹ béèrè *peperoncino* tàbí *olio piccante*, wọn kò ní bínú. Calabria ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà ni ata ti jọba.

Ẹran tó jinná. *Bistecca alla fiorentina* (ẹran màlúù ńlá elégungun tí wọ́n yan) máa ń pupa nínú, wọ́n sì sábà ń kọ̀ láti sè é jinná. Owó rẹ̀ lórí ìwé sábà ń jẹ́ ti *etto*, ìyẹn 100 g: €6 tí ẹ rí lè di €60 fún kílò kan, ẹran náà sì sábà ń tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹran rírọ̀, kó béèrè *spezzatino* tàbí *stracotto*. Ẹni tó fẹ́ràn ṣàkì á rí *trippa* ní Firenze àti ní Róòmù, nínú ọbẹ̀ tòmátì.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé "senza maiale" (láìsí ẹlẹ́dẹ̀) kí ẹ gbà pé ó parí. Ẹlẹ́dẹ̀ ń fara pamọ́:

- *strutto* (ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀) nínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ piadina ti Romagna àti nínú àwọn búrẹ́dì focaccia kan;
- *pancetta*, *guanciale* àti *lardo* tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀, títí kan ọbẹ̀ ẹ̀wà;
- ragù (ọbẹ̀ ẹran fún pásítà), tó sábà ń ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì pa pọ̀;
- tiramisù (ohun dídùn ìparí oúnjẹ), tó lè ní ọtí Marsala.

Parmigiano Reggiano náà, omi inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń dì í. Ẹni tí èyí kàn lọ́kàn, kó mọ̀. Ohun tí ẹ lè jẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bí ẹ bá ti kọ́kọ́ bi wọ́n: *pici all'aglione* (pásítà ọlọ́wọ́ nínú tòmátì àti aáyù ńlá), *pappa al pomodoro* (ọbẹ̀ búrẹ́dì àti tòmátì), *panzanella* (sàláàdì búrẹ́dì àti tòmátì), pásítà *orecchiette* pẹ̀lú ewé ìgbèríko ní Puglia (ẹja anchovy máa ń wà nínú rẹ̀).

Bí ẹ bá gba ilé tó ní kíṣìnì. Ẹ ra ẹyin, òróró àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà. Fún pici ènìyàn mẹ́rin: ìyẹ̀fun 400 g, omi 200 ml, ṣíbí òróró kan, iyọ̀ díẹ̀. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i gígùn lórí pátákó. Bí ó bá ń já, omi kò tó. Bí òkèlè bá ń wù yín, *farina per polenta* yóò fún yín ní ohun tó súnmọ́ túwó àgbàdo. Èyí tí wọ́n kọ *istantanea* sí lára ń jinná ní bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyókù ń gbà tó 40.

## Ọ̀sẹ̀ kan ní Val d'Orcia: àpẹẹrẹ

- Àbámẹ́ta: ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ ra omi àti oúnjẹ díẹ̀ lọ́nà, torí ṣọ́ọ̀bù ìgbèríko lè tì ní Àìkú. Oúnjẹ alẹ́ lóko.
- Àìkú: ẹ má lọ síbì kankan.
- Ajé: Pienza láàárọ̀, ẹ tọ́ pecorino (wàràkàṣì àgùntàn) oríṣiríṣi wò, kí ẹ padà sílé kí oòrùn tó mú.
- Ìṣẹ́gun: Montalcino àti ilé àwọn mọ́ńkì ti Sant'Antimo.
- Ọjọ́rú: oko. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní pici.
- Ọjọ́bọ̀: omi gbígbóná Bagni San Filippo, tí ènìyàn lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Adágún àárín ìlú Bagno Vignoni, ẹ wò ó ni. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.
- Ẹtì: Montepulciano, kí ẹ sì tètè padà wá palẹ̀ mọ́.

## Kí ni ẹ lè dì bọ̀ wálé?

Láti Oṣù Kẹrin 2025 ni ìjọba Ìlú Ọba ti fòfin dè é pé kí arìnrìnàjò má kó ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti ilẹ̀ Yúróòpù wọlé, kódà bó bá wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra pecorino. Òróró ólífì, pásítà gbígbẹ àti oyin kò sí lára ìfòfindè yẹn. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, òróró kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì àfọwọ́gbé bí ó bá ju 100 ml lọ. Agolo tí wọ́n ń pè ní *lattina* ni kí ẹ rà, kì í ṣe ìgò. Ẹ fi téèpù yí ìdérí rẹ̀ ká, ẹ fi ọ̀rá méjì wé e, kí ẹ sì fi sáàárín aṣọ nínú àpótí.